Alternator ńlá lórí wáyà àtijọ́: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọlọ́kọ̀-Ìkéde (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Híáàsì tí mo fi ń ṣe ìkéde káàkiri ìlú ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ìsìnkú, ìsọjí, ìdìbò, ẹ̀dínwó ọjà, kò sí èyí tí mi ò kí ń kéde. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé ẹ̀rọ ohùn tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó epo ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè mi tán. Mo wá ra invẹ́tà 1500W, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé. Alternator tó bá ọkọ̀ wá, ìyẹn ẹ̀rọ tí íńjínnì ń yí kó lè mú iná wá, 100A (áńpù 100) ni wọ́n kọ sí i lára. Mo yọ ọ́, mo fi tòkúnbọ̀ 200A rọ́pò rẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú, bẹ́líìtì náà bá a mu.

Ìṣòro mi nìyí: tí mo bá gbé ohùn sókè, iná iwájú ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni ń ṣẹ́jú, invẹ́tà á sì máa ké pé bátìrì ti ń lọ sílẹ̀. Wáyà tó jáde lẹ́yìn alternator ń gbóná débi pé mi ò lè dì í mú. Ẹni tó bá mi so ó ní bátìrì ni kí n pààrọ̀. Ẹlòmíì ní kí n dá alternator padà, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Kí lẹ rí sí i?

Ríwáyà-Àjílósùn

Àbúrò, má tíì ná kọ́bọ̀. Wáyà tó ń gbóná yẹn ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Wáyà tó tó 100A làwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn fi síbẹ̀, ìwọ wá gbé ìlọ́po méjì ẹrù lé e lórí. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ̀rún èèyàn lo kọ́, ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ lo fi sí i.

Wá mítà, kó o ṣe àyẹ̀wò yìí kó o tó gbé ọkọ̀ lọ bá ẹnikẹ́ni. Tan íńjínnì, jẹ́ kí ẹnì kan tẹ epo kó dúró láàárín 1500 sí 2000 RPM (iye ìgbà tí íńjínnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Tan invẹ́tà pẹ̀lú ohùn, tan iná iwájú àti fáànù. Gbé mítà sí DC. Fi ọwọ́ pupa kan bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn alternator, fi ọwọ́ dúdú kan orí pọ́sítíìfù bátìrì. Orí bátìrì gan-an ni mo wí, kì í ṣe irin tí wọ́n fi dè é. Nọ́ńbà tó bá jáde ni fóòtì tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Tó bá ti kọjá 0.3, wáyà yẹn kéré ni, tàbí kí ìdè rẹ̀ máà dáa. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ kan kan irin ara alternator, kí o fi ìkejì kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Èyí ò gbọdọ̀ kọjá 0.2. Kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí ká jọ wò ó.

Ohun kan ṣì kù o. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ tú orí bátìrì nígbà tí íńjínnì ń ṣiṣẹ́, kí òun lè mọ̀ bóyá alternator ń chájì, gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é. Bátìrì ló ń gba iná tí alternator ń tú jáde. Tí o bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò kọjá 40 kí ojú tó ṣẹ́. Dáyọ́ọ̀dù inú alternator á lọ, búréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, náà lè bá a lọ.

Bàbá-Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lẹ fẹ́ràn wàhálà. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣe nǹkan kan fún un. Tí íńjínnì bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdúró, ṣé afẹ́fẹ́ ló ń mu ni?

Ọlọ́kọ̀-Ìkéde

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ń rìn ni o, mi ò kí ń dúró pẹ́ níbì kan, epo ọkọ̀ ò sì ní ṣàì jó bó ti wù kó rí. Ti jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Ríwáyà, nọ́ńbà rèé. Láti alternator dé orí pọ́sítíìfù: 0.5. Láti ara alternator dé orí nẹ́gẹ́tíìfù: 0.7. Lẹ́yìn alternator, mo rí 14.3. Lórí bátìrì, 13.1.

Tíṣà-Físíìsì (Ìkọ̀lé)

Ó ṣe rẹ́gí: 14.3 yọ 1.2 kúrò, ó ku 13.1. Alternator yín ò láyédèrú kankan nínú. Ó ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣègbé sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ tì í. Invẹ́tà 1500W tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó máa ń fa bíi 128A lára bátìrì ní fóòtì 13, torí òun náà ń jẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi 30A tàbí 40A ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kún un: iná, fáànù, pọ́ǹpù epo, ìginíṣọ̀n. Ó ti ń sún mọ́ 170A nìyẹn.

Ó wá ku wáyà. Bàbà tó nípọn 16mm², tó gùn ní mítà méjì, á gbé fóòtì 0.32 mì tí 150A bá ń gbà á kọjá. Tí ẹ bá fi 35mm² rọ́pò rẹ̀, á di bíi 0.15. Tó bá jẹ́ 50mm², bíi 0.1 péré. Gbogbo èyí tó bá ṣòfò ló ń di ooru. 0.5 tiyín yẹn lórí 150A, 75W ló ń jó lára wáyà kan ṣoṣo. Ó tó irin gbígbóná táwọn oníredíò fi ń jó wáyà pọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè dì í mú.

Bàbá-Ẹ̀fọ̀n

Mo gbà pé kó pààrọ̀ ti pọ́sítíìfù. Ti nẹ́gẹ́tíìfù ńkọ́? Irin ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀, irin ò kéré.

Ríwáyà-Àjílósùn

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kú. Gbogbo áńpù tó bá jáde lẹ́nu pọ́sítíìfù gbọ́dọ̀ padà wọ nẹ́gẹ́tíìfù, kò sí ọ̀kan tó ń sọnù sínú igbó. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀: 0.7 ni ti nẹ́gẹ́tíìfù, ó ju ti pọ́sítíìfù lọ. Irin ọkọ̀ ò kéré lóòótọ́. Wáyà pẹlẹbẹ tó so íńjínnì mọ́ bọ́dì ló kéré, ìpáta àti ọ̀dà sì wà lábẹ́ bóòtù rẹ̀. Íńjínnì jókòó lórí síìtì rọ́bà, rọ́bà ò kí ń gbé iná. Tí wáyà pẹlẹbẹ yẹn bá bàjẹ́, iná á máa wá ọ̀nà gba okùn tọ́rọ́tù (èyí tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ epo) àti bẹ́ríńgì.

Wáyà mẹ́ta ló máa fà. Ìkíní, láti bóòtù alternator lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì, pẹ̀lú fíùsì. Ìkejì, láti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì lọ sí bọ́dì. Ìkẹta, láti ara íńjínnì lọ sí bọ́dì. Ìwọ̀n kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Tó bá ráyè, kó fa ìkẹrin tààrà láti ara alternator sí nẹ́gẹ́tíìfù, tòkúnbọ̀ kì í bá bùrákẹ́ẹ̀tì jókòó dáadáa.

Níbi tí wáyà bá ti kan bọ́dì, kó fi sáńpépà ha ọ̀dà títí irin á fi dán, kó tó ojú wọ́ṣà. Lẹ́yìn tó bá dè é tán ni kó wá fi gíríìsì bò ó lókè. Kì í ṣe gíríìsì kọ́kọ́ o. Ojú irin méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kora kí ohunkóhun tó bò wọ́n.

Ọmọ-Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Iṣẹ́ sáúńdì lèmi náà ń ṣe, wáyà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jà yín lólè. Ẹ ò ní rí wáyà tí wọ́n kọ "ti alternator" sí lára ní Adó. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni wáyà táwọn wẹ́dà ń lò, èyí tó rọ̀, tí okùn inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó dáa gan-an fún iṣẹ́ yìí, torí íńjínnì ń mì, wáyà líle á sì já lẹ́nu lọ́ọ̀gì, irin olójú ihò tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ lónìí, alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn ní bàbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ ní kí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ tuntun. Ẹ mú okùn kan, ẹ fi abẹ ha á. Tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni. Tàbí kẹ́ ẹ fi láítà sun okùn kan, alumíníọ̀mù á tètè yọ́, á rọ wálẹ̀. Bàbà á pọ́n, á sì dúró. Ẹ gbé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, bàbà wúwo. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ gé e wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Tíṣà-Físíìsì

Àfikún díẹ̀: alumíníọ̀mù ń gbé bíi 61 nínú 100 ohun tí bàbà ń gbé. Èyí tí wọ́n kùn ní bàbà yẹn, tí wọ́n bá pè é ní 50mm², bíi 32mm² ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹni tí kò bá rí bàbà gidi rà, kó lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ, kó sì máa yẹ ìdè rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, torí alumíníọ̀mù máa ń rọ̀ lábẹ́ bóòtù.

Ọmọ-Olósùnta

Lọ́ọ̀gì náà ńkọ́! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òòlù lù ú pọ̀ fún yín. Àwọn tó ń so sólà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lọ́ọ̀gì, wọn kì í gbówó gọbọi. Ẹ gé wáyà sí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ gbé e lọ bá wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fà á tagbáratagbára. Tó bá yẹ̀, kì í ṣe lọ́ọ̀gì yẹn. Ẹ tún wo ojú ihò rẹ̀: bóòtù alternator lè jẹ́ 6mm tàbí 8mm, ti bátìrì sì lè yàtọ̀ sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Àǹtí-Ẹlẹ́ja-Tútù (Ìfàkì)

Ẹ dákun, mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí láti òkè. Ti Hóńdà ni tèmi, mo gbé fírísà kékeré sẹ́yìn rẹ̀, invẹ́tà ló ń gbé e. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà fún mi bẹ́ ẹ ṣe wí yìí. Síbẹ̀, fóòtì lè wà ní 12.5 fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo bá ń lọ, kó tó fò sí 14. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ríwáyà-Àjílósùn

Ẹ kú ọjà, Àǹtí. Ọ̀pọ̀ Hóńdà ló ní nǹkan kékeré kan nínú àpótí fíùsì tó ń wo iye áńpù tí ọkọ̀ ń lò. Tó bá rí i pé ọkọ̀ ò lò púpọ̀, á sọ fún búréènbọ́ọ̀sì kó dín agbára alternator kù láti lè ṣọ́ epo jẹ. Invẹ́tà yín orí bátìrì tààrà ló ti ń fà, kò gba inú àpótí yẹn kọjá. Lójú ọkọ̀, ẹ ò gbé nǹkan kan. Ẹ tan iná iwájú tí fírísà bá ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wo fóòtì. Ó sábà máa ń gbéra. Ìyẹn ọ̀nà àbùjá ni o. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa Hóńdà, kó wá bí ẹrù invẹ́tà á ṣe máa hàn sí ẹ̀rọ ìwòye yẹn.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ tuntun díẹ̀, ẹ wo orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan dúdú tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń ka iná nìyẹn. Ẹ má so wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tuntun sí orí bátìrì gan-an. Apá bọ́dì, lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, ni kẹ́ ẹ so ó sí, kí gbogbo áńpù lè kọjá níwájú rẹ̀.

Àǹtí-Ẹlẹ́ja-Tútù

Mo tan iná iwájú, ó gun 14.2 lójú mi báyìí! Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku kí n má gbàgbé láti pa á.

Ọlọ́kọ̀-Ìkéde

Fíùsì tẹ́ ẹ dárúkọ ńkọ́? Ẹni tó so ti tẹ́lẹ̀ ní alternator ò nílò fíùsì, pé òun ò fi sí i rí, ohunkóhun ò sì ṣẹlẹ̀.

Ríwáyà-Àjílósùn

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Alternator ò lè tú ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ, òótọ́ ni. Bátìrì ló ń dẹ́rù bà mí. Wáyà yẹn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló níná: tó bá fara kan irin ẹ̀sọ́ọ̀sì, tí rọ́bà rẹ̀ sì yọ́, bátìrì lè tú bí ẹgbẹ̀rún áńpù gba ibẹ̀ jáde láìjẹ́ pé íńjínnì ń ṣiṣẹ́. O lè máa sùn nílé kí ọkọ̀ máa jó níta.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni fíùsì ń wà, kó sún mọ́ orí pọ́sítíìfù bí ọwọ́ bá ti lè sún un tó. Kó má kọjá ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Irú èyí tí wọ́n ń fi bóòtù dè, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ohùn ọkọ̀ tàbí invẹ́tà, ni kó o rà. Fún alternator 200A lórí bàbà 50mm², 250A ni mo máa fi sí i. Má fi 150A sí i torí pé ìyẹn ni wọ́n ní lọ́jà. Tó bá já nígbà tí íńjínnì ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sọ nípa títú orí bátìrì ló máa ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọmọ-Olósùnta

Ṣé kó yọ wáyà àtijọ́ ni? Èmi yọ tèmi, ó mọ́ tónítóní.

Ríwáyà-Àjílósùn

Èmi kì í yọ ọ́. Lára Toyota, wáyà yẹn ló ń gba inú fíùsì ńlá tí wọ́n kọ ALT sí lára, 100A tàbí 120A ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni àpótí fíùsì iwájú ti ń jẹun. Tuntun á bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iná á pín ara rẹ̀, èyí tó fẹ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀. Àbúrò mi Ìkẹ́rẹ́, kò sóhun tó burú nínú èyí tó o ṣe tó o bá gbé àpótí fíùsì jókòó sórí bátìrì dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ ló kàn pọ̀.

Pílọ́ọ̀gì kékeré ẹ̀yìn alternator, tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ń tan iná bátìrì inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan ń gba iná kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan ń wo fóòtì bátìrì láti mọ bí alternator á ṣe ṣiṣẹ́ sí. Bóòtù ńlá nìkan ni tiwa.

Ọjọ́ iṣẹ́: nẹ́gẹ́tíìfù ni kó o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kó o dè kẹ́yìn. Bọ́ òrùka àti aago irin. Má jẹ́ kí wáyà sún mọ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì tàbí bẹ́líìtì. Fi páìpù rọ́bà tó ní ìlà bò ó, torí rọ́bà wáyà wẹ́dà kì í fẹ́ràn ọ́ìlì. Má fà á le tantan, fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún íńjínnì láti mì.

Ọlọ́kọ̀-Ìkéde

Mo ti ṣe é. Bàbà 50mm², fíùsì 250A, wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abẹ́ bóòtù bọ́dì, ìpáta tó wà níbẹ̀ tó ìwọ̀n ọwọ́ kan, pupa rúsúrúsú, ó ń ya bí èèpo. Nọ́ńbà tuntun: pọ́sítíìfù 0.1, nẹ́gẹ́tíìfù 0.06. Lórí bátìrì, 14.1 pẹ̀lú gbogbo ohùn. Wáyà tutù.

Ó ku ẹyọ kan. Tí mo bá wà nínú gosiló ní Ìjìgbò, tí íńjínnì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń wálẹ̀ sí 12.6.

Tíṣà-Físíìsì

Wáyà ò lè wo ìyẹn sàn. 200A tí wọ́n kọ sí i, nígbà tó bá ń sáré ló ń mú un wá. Ní ìdúró, ọ̀pọ̀ alternator kì í mú ju ìdajì lọ, nígbà tó bá tún gbóná, á dín sí i. Ẹrù yín jẹ́ bíi 170A. Ohun tó ṣẹ́ kù, bátìrì ló ń san án.

Ríwáyà-Àjílósùn

Dín ohùn kù nínú gosiló, wọ́n ń gbọ́ ẹ náà. Tàbí kí mẹkáníìkì gbé ìdúró íńjínnì sókè díẹ̀. Má lọ fi púlì kékeré sí alternator kó lè yára, ó máa sáré jù tó o bá ń gun òkè láti Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

Bàbá-Ẹ̀fọ̀n

Òkè wa ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan o! Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mo sì ti ní kí ọmọ mi ha ìdí bóòtù ti Písọ́ọ̀tì mi. Ẹ sọ ti bẹ́líìtì fún un, torí òun ló máa ké sí i láìpẹ́.

Ríwáyà-Àjílósùn

Bàbá, ẹ ṣeun, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ lórí mi. Àbúrò, 170A ní fóòtì 14, agbára tó lé ní ẹṣin márùn-ún ló ń gbà lẹ́nu íńjínnì, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń gbé e. Tó o bá gbọ́ igbe láàárọ̀ tàbí nígbà òjò lásìkò tó o bá tan invẹ́tà, ó ń yọ̀ nìyẹn. Má da nǹkan kan sí i kó lè dákẹ́. Wo tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀, ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, bóyá sípírìn-ín rẹ̀ ti rọ̀, wo bẹ́líìtì bóyá ó ti ń dán lójú tàbí ó ti sán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún gbogbo nọ́ọ̀tì lọ́ọ̀gì dè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì tún wọn nọ́ńbà méjèèjì. Tí ti nẹ́gẹ́tíìfù bá ti gòkè kọjá 0.06 yẹn, ìdè bọ́dì ni kó o kọ́kọ́ lọ wò.